Wes Montgomery: Ọkùnrin tó fi àtàǹpàkò ta gìtá

Mo mọ̀ pé bí ìwé ẹgbẹ́ wa yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ojú ìwé tí àwòrán wà lẹ ó kọ́kọ́ ṣí. Ẹ ó wo ẹni tó ti sanra, ẹni tí orí ẹ̀ ti pá, ẹni tó ti joyè láìsọ fún wa. Kò burú. Bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ padà wá síbí, kí ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe ọmọ ilé ìwé wa, kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Wes Montgomery ni orúkọ ẹ̀. Gìtá ló ń ta, orin jáàsì ló fi ń kọ. Ó ti pẹ́ tó ti kú, torí ọdún 1968 ló lọ, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 45.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá pẹ̀lú onígìtá Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti dé ibi tí a ti ń ka ọdún. Èmi tí mò ń kọ èyí ò tíì pé ogójì, síbẹ̀ mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi pé ọjọ́ ti lọ, pé ohun tọ́wọ́ èèyàn ò bá tíì tẹ̀ kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, kó yáa gbàgbé ẹ̀. Wes Montgomery ti pé ẹni ọdún 36 kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Títí di ìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni lọ́sàn-án, olórin ni lóru, ọmọ sì kún ilé ẹ̀. Àwo tó gbé orúkọ ẹ̀ jáde, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi ṣe é, àwọn mẹ́ta péré ló sì wà nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gìtá tí ẹ̀gbọ́n rà

Ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní ìlú Indianapolis, ní ìpínlẹ̀ Indiana. John Leslie ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Wes ni gbogbo ayé ń pè é. Orin kì í ṣe àjèjì nínú ilé náà. Monk ni ẹ̀gbọ́n, òun ló sì wá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé gìtá báàsì oníná wọ inú orin jáàsì. Buddy ni àbúrò, òun ń tẹ píánò, ó sì ń lu vibraphone, ohun èlò onírin tí wọ́n ń fi ọ̀pá kéékèèké lù. Wes wà láàárín.

Àwọn òbí wọn pínyà nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré. Bàbá kó Monk àti Wes lọ sí ìlú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Owó ò sí. Monk fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń ta èédú àti yìnyín kiri. Ẹ má gbàgbé pé lásìkò yẹn, yìnyín ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tọ́jú oúnjẹ, èédú ni wọ́n fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Nínú owó táṣẹ́rẹ́ tí Monk ń tù jọ ló ti ra gìtá kan fún àbúrò ẹ̀ ní ọdún 1935. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gba ẹrù ní ìdógò ló ti rà á, àlòkù ni. Wes jẹ́ ọmọ ọdún 12. Gìtá ọ̀hún ò tiẹ̀ pé, okùn mẹ́rin ló ní, kì í ṣe mẹ́fà tí a mọ̀ mọ́ gìtá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ọmọ tó kúrò nílé ìwé nítorí àìlówó, tó ń gbé èédú kiri ojú títì, òun ló ra gìtá fún àbúrò. Bí a bá ti ń sọ ìtàn àwọn gbajúmọ̀, irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ la máa ń fò dá. Èmi ò ní fo Monk dá.

Wes ta gìtá olókùn mẹ́rin yẹn títí, kò fi bẹ́ẹ̀ ta yọ. Ó dàgbà, ó padà sí Indianapolis, ó fẹ́ ìyàwó, Serene, ní ọdún 1943. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe nígbà náà, ó ń jó irin pọ̀ mọ́ irin. Òun àti ìyàwó ẹ̀ lọ sóde ijó lálẹ́ ọjọ́ kan, ibẹ̀ ló ti gbọ́ àwo Charlie Christian.

Ta ni Charlie Christian? Ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń ta gìtá oníná nínú ẹgbẹ́ Benny Goodman ni. Kí tirẹ̀ tó dé, ẹ̀yìn ni gìtá máa ń wà nínú ẹgbẹ́ jáàsì ńlá, tí yóò kàn máa dún ṣáká ṣáká bá ìlù lọ, ariwo fèrè á sì bò ó mọ́lẹ̀. Christian so gìtá mọ́ iná, ó mú un bọ́ síwájú, ó ń fi í sọ̀rọ̀ bí ẹni fọn fèrè. Ẹni ọdún 25 ló wà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi pa á ní ọdún 1942. Nígbà tí Wes fi máa gbọ́ ohùn gìtá ẹ̀, olówó ohùn ti wà nínú ilẹ̀.

Ohun tó gbọ́ yẹn kò jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ra gìtá olókùn mẹ́fà àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ẹ̀ sókè. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, ó ti láya, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kò ní olùkọ́, kò mọ orin kà lórí ìwé, títí tó fi kú ni kò sì mọ̀ ọ́n kà. Yóò gbé àwo Christian sórí ẹ̀rọ, yóò gbọ́ díẹ̀, yóò wá a lórí okùn, yóò tún un gbọ́. Nǹkan bí ọdún kan ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo ní kí àwọn ọmọ yín má kàwé o! Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tí ọ̀nà ìwé dí mọ́ ta ku, ó fi etí ṣe ìwé. Nígbà tó yá, kíláàbù kan ní Indianapolis gbà á síṣẹ́ pé kó máa wá ta àwọn orin Charlie Christian bí wọ́n ṣe wà nínú àwo. Wọ́n ní tó bá ti ta àwọn tó mọ̀ yẹn tán, á sọ̀ kalẹ̀, torí kò tíì mọ òmíràn.

Bí àtàǹpàkò ṣe dé

Àwọn onígìtá a máa mú ike pẹlẹbẹ kan dání tí wọ́n fi ń ta okùn. Ike yẹn ló ń jẹ́ kí ohùn mú, kó sì yá. Wes náà gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ nìkan ló ń ráyè, ilẹ̀ á ti ṣú, ilé á ti pa rọ́rọ́, ẹ̀rọ á wá máa ké. Àwọn aládùúgbò yarí. Wes gbé ike sílẹ̀, ó fi ẹran àtàǹpàkò ẹ̀ ra okùn jẹ́jẹ́ kí wọ́n lè sùn. Bó ṣe rí nìyẹn. Kò padà sídìí ike mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ta gìtá rí, bóyá nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́yìn olórin jùjú, ẹ mọ̀ pé ohun tó ṣe yìí kò yẹ kó ṣeé ṣe. Àtàǹpàkò tóbi, kò sì yá bí ike. Síbẹ̀ ọkùnrin yìí ń fi í sáré bí ẹṣin. Ohùn tó sì ń jáde níbẹ̀ kún, ó rọ̀, ó dà bí ohùn àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá láìpariwo.

Ohun kejì tó fi yàtọ̀ ni pé ó máa ń ta ohùn kan náà lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ rántí bí bàbá àti ọmọ kékeré ṣe máa ń jọ kọ orin kan náà níbi àdúrà ìdílé, tí ohùn bàbá wà nísàlẹ̀, tí ti ọmọ ń ké lókè, tó sì jẹ́ orin kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni gìtá Wes. Àwọn kan ti ṣe díẹ̀díẹ̀ ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi odidi orin kọ ọ́ bíi tirẹ̀. Okùn méjì ló ń dún, okùn tó wà láàárín wọn kò sì gbọdọ̀ ké, ìka ọwọ́ òsì ló gbọdọ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Gbogbo èyí, nínú ìsáré.

Ọ̀sán ní ilé iṣẹ́, òru ní kíláàbù

Ní ọdún 1948, Lionel Hampton gbà á sínú ẹgbẹ́ olórin ńlá rẹ̀. Hampton lórúkọ gan-an, ìlú dé ìlú ni wọ́n ń lọ. Wes kì í mu ọtí, sìgá nìkan ló ń fà. Ó ń bẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú ju ohunkóhun lọ, nítorí náà bí àwọn yòókù bá ń fò, mọ́tò ló máa wà tẹ̀ lé wọn. Aáyun ilé ń yun ún. Ní ọdún 1950, ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ ẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ọmọ ń pọ̀ sí i, wọ́n pé méje nígbẹ̀yìn. Owó orin kò tó wọn jẹ. Wes gbaṣẹ́ ní ilé iṣẹ́. Aago méje àárọ̀ ló ń wọlé, aago mẹ́ta ọ̀sán ló ń jáde. Bó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ti wà ní Turf Bar, ibẹ̀ ni yóò ti máa ta gìtá títí di aago méjì òru. Láti ibẹ̀, ó di Missile Room, kíláàbù tí àwọn tí kò tíì fẹ́ sùn máa ń yà sí. Aago méjì ààbọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, aago márùn-ún ìdájí ló ń parí. Aago méje, ilé iṣẹ́ tún ń pè é.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Wákàtí méjì ló wà láàárín márùn-ún àti méje. Láàárín mẹ́ta ọ̀sán àti mẹ́sàn-án alẹ́, wákàtí mẹ́fà ni. Inú ìyẹn ni oúnjẹ, ọmọ, ìwẹ̀, ìyàwó àti oorun gbọ́dọ̀ ti pín ara wọn. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe oṣù kan. Àwọn tó mọ ọ̀nà tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́sàn-án, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìrọ̀lẹ́, tó tún ń wa ọkọ̀ kiri lópin ọ̀sẹ̀, wọn ò ní bi mí pé kí ló dé. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Missile Room yìí ló sọ wọ́n di ẹgbẹ́ ẹni mẹ́ta. Melvin Rhyne, ọmọ Indianapolis tí wọ́n bí ní ọdún 1936, ló ń tẹ ọ́gáànù. Paul Parker ló ń lu ìlù. Kò sí báàsì. Ẹni bá ń tẹ ọ́gáànù a máa pín ara rẹ̀ yẹ́lẹyẹ̀lẹ: ọwọ́ ọ̀tún ń dá gìtá lóhùn, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ báàsì. Ẹni mẹ́ta ni owó kíláàbù lè gbé, ẹni mẹ́ta náà ló sì tó. Bí ẹ bá gbọ́ wọn, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnì kan ò sí níbẹ̀.

Ìpè kan ṣoṣo

Ní ọdún 1959, Cannonball Adderley wá ṣeré ní Indianapolis. Òun ni afunfèrè tí gbogbo ayé jáàsì mọ̀, tó ti bá Miles Davis ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tó ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n mú un lọ sí Missile Room lóru. Ó jókòó, ó gbọ́ Wes, orí ẹ̀ sì wú. Ẹ wò ó, ó lè kan sáárá sí i, kó fún un ní owó ọtí, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Adderley ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà sí New York, ó kàn sí Orrin Keepnews, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn àwo ní kọ́ńpìnnì Riverside, ó ní ọkùnrin kan wà ní Indianapolis tí wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́. Ní àkókò yẹn kan náà, Gunther Schuller, onímọ̀ orin, ti kọ̀wé ìyìn nípa Wes nínú ìwé ìròyìn jáàsì kan. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì pàdé.

Keepnews wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Indianapolis. Ó gbọ́ ọ ní Turf Bar, ó tẹ̀ lé e dé Missile Room, ilẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí wọ́n tó kúrò. Ó fún un ní ìwé àdéhùn lójú ẹsẹ̀. Kò pé oṣù méjì, Wes, Rhyne àti Parker ti wà ní New York. Ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni wọ́n fi gba àwo náà sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n fi pè é, The Wes Montgomery Trio.

Ohun tó wà nínú àwo náà

Orin mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Méjì péré ni Wes fúnra rẹ̀ kọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Jingles, èkejì ni Missile Blues, ẹ sì ti mọ ibi tí orúkọ ìyẹn ti wá. Méje yòókù, orin tí gbogbo olórin jáàsì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni tàbí tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tó ń di àjọmọ̀. Bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lóde àríyá wa, tí olórin gbọ́dọ̀ mọ àwọn orin ìyìn kan tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ohun kan náà ni. Ẹni tó bá gbé orin àjọmọ̀ kò lè fi ọ̀rọ̀ bojú. Olúwarẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ogún èèyàn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ìwọ fẹ́ fi kún un.

'Round Midnight ló ṣí i. Thelonious Monk ló ni orin yìí, kì í ṣe Monk ẹ̀gbọ́n Wes o. Orin òru ni, ọkùnrin tó ti fi òru ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ ló sì ń ta á. Kò kánjú. Satin Doll ti Duke Ellington àti Billy Strayhorn wà níbẹ̀, Yesterdays ti Jerome Kern náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Whisper Not tí Benny Golson kọ. Horace Silver ló kọ Ecaroh. Bí ẹ bá ka orúkọ yẹn láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. The End of a Love Affair àti Too Late Now, orin ìfẹ́ ni méjèèjì.

Ẹ fetí sí bó ṣe ń gun òkè. Yóò kọ́kọ́ máa ta okùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Bó bá ti wọ̀ ọ́ lára, yóò bọ́ sí ohùn bàbá-àti-ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kó ohùn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó gbé ẹgbẹ́ fèrè sórí itan. Ọ́gáànù Rhyne kì í dí i lọ́nà, ìlù Parker ń rìn jẹ́jẹ́. Àwọn kan á ní àwo náà jẹ́jẹ́ jù, pé ọ́gáànù wà lẹ́yìn jù. N kò ní bá wọn jà. Mo mọ̀ ṣá pé ìgbà tí mo bá ti fi í sí i, tí mo ní kí n kàn gbọ́ orin kan, mi ò kì í lè pa á kó tó tán. Ẹni mẹ́ta tó ti jọ ṣiṣẹ́ lóru fún ìgbà pípẹ́ ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bi èkejì pé níbo la dé.

Lẹ́yìn ìyẹn

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1960, wọ́n gbé e padà sí New York, ó sì ṣe The Incredible Jazz Guitar of Wes Montgomery pẹ̀lú Tommy Flanagan nídìí píánò àti àwọn ọmọ ìyá méjì, Percy Heath àti Albert Heath, nídìí báàsì àti ìlù. Èyí ló wá pa gbogbo ẹnu mọ́. Àwọn alárìíwísí ìwé ìròyìn jáàsì fi í ṣe olórí onígìtá. Ní ọdún 1961, John Coltrane mú un mọ́ra, ó sì bá wọn ṣeré níbi àjọ̀dún Monterey. Ní ọdún 1963, ó tún padà sí ẹgbẹ́ ẹni mẹ́ta, òun àti Rhyne, pẹ̀lú Jimmy Cobb nídìí ìlù, wọ́n sì ṣe Boss Guitar. Ó rántí ẹni tó bá a jẹ ìyà. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyìn kì í sanwó oúnjẹ ọmọ. Àwo ẹ̀ kò tà tó bí ìyìn náà ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Riverside sílẹ̀ kú ní oṣù kejìlá ọdún 1963, kọ́ńpìnnì náà sì wó ní ọdún 1964. Ibẹ̀ ni Wes ti bọ́ sọ́wọ́ Creed Taylor ní kọ́ńpìnnì Verve. Taylor ní ọgbọ́n mìíràn. Ó fi ẹgbẹ́ gòjé àti fèrè yí i ká, ó ní kó máa ta àwọn orin tí rédíò ń gbé lásìkò yẹn. Goin' Out of My Head gba ẹ̀bùn Grammy. Ní ọdún 1967, nígbà tí òun àti Taylor ti lọ sí kọ́ńpìnnì A&M, A Day in the Life jáde, òun sì ni àwo jáàsì tó tà jù lọ lọ́dún náà.

Ariwo sọ. Àwọn tó fẹ́ràn jáàsì dáadáa ní ó ti ta ogún ìní ẹ̀, pé orin pẹlẹbẹ ló ń ta, pé wọ́n ti sọ kìnnìún di ológbò inú ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán títí dòní láàárín àwọn olùfẹ́ ẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, èmi á ní ẹ gbọ́ Smokin' at the Half Note, tó ṣe ní ọdún 1965 pẹ̀lú Wynton Kelly, Paul Chambers àti Jimmy Cobb, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Kìnnìún ṣì wà níbẹ̀. N kò sì ní purọ́ fún yín pé àwọn àwo gòjé yẹn dọ́gba pẹ̀lú ti ọdún 1959. Wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ láti aago méje àárọ̀ dé aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì nítorí ọmọ, kó rọra sọ̀rọ̀. Ọmọ méje jẹun nídìí àwọn àwo yẹn. Ní ọdún 1965 kan náà, ọkùnrin tó ń bẹ̀rù òfurufú fi agbára mú ara ẹ̀ wọ ọkọ̀, ó lọ ṣeré káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù.

Ó ṣeni láàánú pé kò pẹ́ jẹ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, ọdún 1968, ó wà nílé ní Indianapolis, ìrìn àjò orin kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Ó ní ara òun kò dá. Ọkàn ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà àwo àkọ́kọ́ ẹ̀ ní New York sí ọjọ́ ikú ẹ̀, kò tó ọdún mẹ́sàn-án. Ohun tó ṣe láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn ni gbogbo onígìtá jáàsì ṣì ń jẹ títí dòní. George Benson, Pat Martino àti Pat Metheny, gbogbo wọn ló mu nínú omi ẹ̀. Àwọn ará Indianapolis fi orúkọ ẹ̀ pe ọgbà ìgbafẹ́ kan. Monk ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú ní ọdún 1982, Buddy ní ọdún 2009, Melvin Rhyne ní ọdún 2013.

Èwo ló kàn wá?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ka ìtàn yìí, ọ̀kan dùn, ọ̀kan korò.

Èyí tó korò ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Mi ò mọ iṣẹ́ dókítà, mi ò sì ní sọ pé òru tí kò sùn yẹn ló pa á tàbí sìgá tó ń fà. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 45 kọ́ ló yẹ kí ọkàn dá dúró lára rẹ̀. Lára orúkọ àwọn tí a ń ka ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé wa lọ́dọọdún, tí a ń dìde dúró fún ìṣẹ́jú kan nítorí wọn, àwọn tí kò tó ọjọ́ orí yẹn wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, a ti kà á nílé ìwé, ṣùgbọ́n oògùn pàápàá ní ìwọ̀n. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Ẹ sùn.

Èyí tó dùn ni ìpè Adderley. Fún ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo Indianapolis ló mọ̀ pé Wes lè ta gìtá. Wọ́n ń jó sí i, wọ́n ń mutí sí i, wọ́n ń kí i lójú títì. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ẹnì kan ní New York ló ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ó sì sọ ọ́ níbi tó yẹ.

Ẹ wo yàrá tí ẹ jókòó sí níbi ìpàdé yìí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dójú àmì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n kọjá àdúgbò ẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà àwọn ọ̀gá ńláńlá wà lórí fóònù ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n lè jókòó sí tábìlì kan náà, kí wọ́n jẹ ìrẹsì, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n tú ká. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó tú ká lọ́dún yìí, kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ohun tí ẹ gbọ́ bá jọ yín lójú, ẹ ṣe bíi Cannonball. Ẹ pe ẹnì kan.

Bí ẹ bá sì délé, tí gbogbo ilé bá ti sùn, ẹ wá àwo ẹni mẹ́ta yẹn, kí ẹ fi 'Round Midnight síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò ní jí àwọn aládùúgbò. Nítorí tiwọn ló ṣe kọ́ láti máa ta á bẹ́ẹ̀.